Ìwọ̀n Ọkàn Tó Dá Ṣáṣá

Ìgbà tí gíráàmù mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ẹran pòórá mọ́ mi lójú ni ìfẹ́ wíwọn nǹkan ti wọ̀ mí lára. Inísà ni, ní 1988, nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n gbà mí sí láti máa fọ ìgò kí n sì máa kó ohun èlò síta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì sọ lọ́jọ́ kan pé omi ló pọ̀ jù nínú ẹran. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà pẹ̀lú garawa, mo gbọ́ ọ, n kò sì gbà á gbọ́. Ẹran tó ń le mọ́ ọ̀bẹ, báwo ni omi ṣe máa pọ̀ jù nínú rẹ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ bá alápatà ní Ìkìrun, ìlú wa. Mo ní kí ó gé ọgọ́rùn-ún gíráàmù fún mi nínú itan màlúù, kí ó tún gé ọgọ́rùn-ún nínú ọkàn.

"Gíráàmù?" Ó nu ọ̀bẹ sára pákó. "Ọmọ ìyá aránṣọ, ojú la fi ń gé ẹran níbí o."

"Ẹ gé e kó pọ̀ díẹ̀, bàbá. Màá gé e kù nílé ìwé."

"Nílé ìwé! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ra ẹran tí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ fún ọkọ, ìwọ fẹ́ mú ọkàn màlúù lọ sílé ìwé. Ó dáa, gbà. Tó bá yege ìdánwò, wá sọ fún mi."

Mo yọ ọ̀rá ara wọn kúrò, mo wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́, mo kó wọn sínú ófùn kékeré tí a fi ń mú ìgò gbẹ. Nígbà tí wọ́n gbẹ tán, tí òṣùwọ̀n kò yẹ̀ mọ́, itan ku gíráàmù mẹ́rìnlélógún, ọkàn ku méjìlélógún. Mo tún wọn wọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kì í ṣe omi tó lọ yẹn ló yà mí lẹ́nu jù, gíráàmù méjì tó wà láàárín itan àti ọkàn ni. Màlúù kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí ló dé tí omi ọkàn fi ju ti itan lọ?

Mo di méjèèjì sínú bébà, mo gbé e lọ sílé fún ìyá mi. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n gbóòórùn bébà náà.

"O ti ba ẹran jẹ́."

"Màámi, omi ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo èyí tó lọ yẹn, omi ni."

Wọ́n yí ọkàn gbígbẹ náà lọ́wọ́, wọ́n wò ó bí ẹni ń wo bọ́tìnnì tó já. "Ti ènìyàn ńkọ́?"

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo tún un dì sínú bébà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ra ògbólógbòó ìwé sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Òṣogbo. Mo kà nípa èròjà kan tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù, pé inú iṣu ẹran gan-an ló ń gbé. Mo kà nípa sódíọ̀mù, èyí tó wà nínú iyọ̀ tí à ń jẹ, pé ìta ni tirẹ̀, nínú omi tó yí ẹran ká. Níbì kan mo kà pé pòtásíọ̀mù ni káún. Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Káún wà nílé ìdáná wa, ohun èlò wà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo ṣe rìn dé òkè òkun kò ní gùn lẹ́nu mi. Mo débẹ̀ ní 1992, ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òjò kì í ti í rọ̀ kó tán, tí kì í sì í dá kó mọ́. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ènìyàn méje ni a jọ dúró de bọ́ọ̀sì. Mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Bàbá náà rò pé mo ṣubú ni. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde, ó ń bi mí bóyá mo farapa. Ojú tì mí, mo ní ó dùn mí díẹ̀.

Mo kọ́ láti má kí ènìyàn. Ó ṣòro ju èdè wọn lọ. Nílé, tí mo bá kọjá lọ láìkí ìyá Bọ̀sẹ̀, ìyẹn aládùúgbò wa, ìròyìn á ti dé ọ̀dọ̀ Màámi kí n tó wọlé. Níbí, mo lè kọjá láàárín ọgọ́rùn-ún ènìyàn kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé mo kọjá. Àwọn kan ń pe ìyẹn ní òmìnira. Èmi, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti kú, wọn kò tíì sọ fún mi.

Ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ni mo ń nù. Nísàlẹ̀ ilé náà ni ilẹ̀kùn kan wà tí apá òkè rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n nù ún ni mo rí ófùn nínú yàrá yẹn, mo sì rí òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé sínú àpótí gíláàsì kí èémí ènìyàn má bàa mì ín. Mo nu ilẹ̀kùn náà títí ó fi mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tó ni yàrá náà jáde sí mi, wọ́n bi mí bóyá nǹkan kan ṣe ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo ní, "kí ni ẹ ń wọ̀n?"

"Ọkàn ènìyàn," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé ẹ̀wà ni.

Hẹ́lẹ̀n ni orúkọ wọn, wọ́n sì ní kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dàgbà tó ẹni tó lè bí mi! Mo gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ó há mi lọ́fun. "Mà Hẹ́lẹ̀n" la jọ fẹnu kò sí. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ohun tó wà nínú ọkàn àti iṣu ẹran itan ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Tí ìjàǹbá bá pa ènìyàn lójijì, tí kò ṣàìsàn kankan tẹ́lẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, wọ́n á mú ègé kékeré wá fún wọn. Dókítà kò lè sọ pé nǹkan kan dín nínú ọkàn aláìsàn bí kò bá sẹ́ni tó mọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Mo sọ ti màlúù Ìkìrun fún wọn, mẹ́rìnlélógún àti méjìlélógún. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo wọ̀n ọ́n. Mo ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gbà mí láti máa fọ ìgò.

Ìgò ni mo fọ̀ ní Inísà, ìgò náà ni mo wá fọ̀ lókè òkun. Ṣùgbọ́n fífọ̀ yìí yàtọ̀. Inú ásíìdì ni ìgò ń sùn, omi tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan inú rẹ̀ kúrò la fi ń ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀bẹ irin kò gbọ́dọ̀ kan ẹran náà, kí irin má bàa wọ inú ìṣirò. Ìka ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí iyọ̀ ń bẹ nínú òógùn. Nínú ìgò mẹ́wàá, a máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀ láìfi ẹran sí i. Ìgò òfìfo là ń pè é. Tí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ inú ìgò wò bá rí sódíọ̀mù nínú rẹ̀, ẹni tó fọ̀ ọ́ ló ni ẹ̀bi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ ń rí mi nínú ìgò náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó kọ òdo. Mo ra kéèkì kékeré kan lọ́jọ́ náà, mo jẹ ẹ́ tán nínú bọ́ọ̀sì.

Mo rí ìdáhùn ìbéèrè Màámi níbẹ̀. Ti ènìyàn náà rí bíi ti màlúù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran rẹ̀ ni omi, ọkàn sì ń ju itan lọ díẹ̀. Sódíọ̀mù ọkàn pọ̀ ju ti itan, pòtásíọ̀mù rẹ̀ dín, bẹ́ẹ̀ náà ni màgínísíọ̀mù, èròjà mìíràn tó ń gbé inú iṣu ẹran. Mà Hẹ́lẹ̀n ṣàlàyé pé àlàfo olómi àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín fọ́nrán ẹran ọkàn pọ̀ ju ti itan lọ, ibẹ̀ sì ni sódíọ̀mù ń gbé. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ. Mo máa ń wo àbájáde wọn, mo máa ń rò ó pé kò sẹ́ni tó lè wo iye pòtásíọ̀mù kó sọ pé Ìkìrun ni ẹni yìí ti wá, kó sì ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìpè. Délé àbúrò mi, tó jẹ́ tíṣà ní Òkukù, á wọ bọ́ọ̀sì wá sí Ìkìrun, yóò mú Màámi láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù ṣòwò.

"Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé o ti jẹun? Òtútù ńkọ́?"

"Màámi, ẹ má pariwo, mo ń gbọ́ yín."

"Ibi tó o wà jìnnà!"

Délé á máa sọ lẹ́yìn wọn pé, "Àǹtí mi, wọ́n ń gbọ́ wọn dé Igbáyè o."

Mo sọ ti omi fún wọn. Wọ́n ní, "Gbogbo ìyẹn, omi? Abájọ tí ẹkún kì í fi í tán lójú ènìyàn."

Ní ọdún kejì, Délé ló kọ́kọ́ gba fóònù. Ó ní ẹsẹ̀ Màámi ń wú. Wọn kò lè tẹ ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ mọ́. Dókítà kan ní Òṣogbo ní ọkàn wọn ti rẹ̀, omi ń jókòó sí wọn lára. Ó fún wọn ní oògùn tí ń mú kí ènìyàn tọ̀ dáadáa, ó ní kí wọ́n má fẹnu kan iyọ̀.

Mo ní mò ń bọ̀ nílé. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà níwájú ìjọba nígbà náà, lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́.

"Wá ṣe kí ni?" Màámi ti gba fóònù. "O fẹ́ wá bá mi tẹ ẹ̀rọ? Dúró gba ìwé ẹ. Ẹjọ́ ọbẹ̀ ni kó o bá mi dá. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, páálí ni. Káún ńkọ́? Ṣé mo lè fi káún sí ilá mi?"

"Ẹ máa jẹ káún, Màámi. Pòtásíọ̀mù ni. Oògùn tí wọ́n fún yín yẹn ń fọ pòtásíọ̀mù jáde lára, ọkàn yín sì nílò ẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń kà á láti inú ìwé. Mo gbọ́ tí wọ́n kọjú sí àwọn tó wà nínú yàrá náà: "Ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ mi tó ń wọn ọkàn lókè òkun ló sọ ọ́."

Mo ní kí Délé máa fi téépù tí Màámi fi ń wọn aṣọ wọn ọrùn ẹsẹ̀ wọn ní Sátidé gbogbo. Lóṣù kìíní ó jẹ́ ínǹṣì mẹ́wàá. Lóṣù kejì, mẹ́wàá àbọ̀. Lóṣù kẹta, mọ́kànlá.

"Ṣé wọn ò máa jẹ iyọ̀?"

"Iyọ̀ kankan ò wọ ilé, Àǹtí mi. Mo ti yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Káún nìkan ni. Wọ́n ń fi sí ilá, wọ́n ń fi sí ẹ̀wà, wọ́n ti ń fi sí ẹ̀fọ́ báyìí. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ahọ́n mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́."

Láìpẹ́, obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí ọmọ rẹ̀ ní ìlú kan nítòsí, ó sì bá Màámi gbé ẹrù wá fún mi: ẹ̀gúsí, ata gígún, àti òkúta káún kan tó tó ẹ̀kúnwọ́, tí wọ́n dì sínú àjákù aṣọ tí wọ́n rán. Obìnrin náà jíṣẹ́ fún mi pé, "Ìyá yín ní kí ẹ̀yin náà máa jẹ ẹ́, kí ọkàn yín lè le."

Mo gbé káún náà lọ síbi iṣẹ́. Ìfẹ́ tí mo ní sí ìṣirò ló sún mi sí i, n kò fura sí nǹkan kan. Mo fẹ́ mọ iye pòtásíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ gan-an, kí n lè sọ ọ́ fún Màámi kí wọ́n fi yangàn. Mo yọ́ ègé kékeré, mo bu omi là á dáadáa, mo fi í fún ẹ̀rọ tí ń fi iná mọ ohun tó wà nínú omi. Tó bá jẹ́ pòtásíọ̀mù, iná á dà bí òdòdó àlùkò. Tó bá jẹ́ sódíọ̀mù, á pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ.

Iná náà pọ́n yòò. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò dé òpin, ó sì dúró síbẹ̀.

Mo fọ ìgò, mo tún un ṣe. Mo tún fọ̀ ọ́, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Pòtásíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Sódíọ̀mù ni, láti òkè dé ilẹ̀. Mà Hẹ́lẹ̀n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń wọ̀n.

Mo ní, "Ohun tí mo ní kí ìyá mi máa jẹ ni."

Kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Mo pe ilé tẹlifóònù náà, mo bẹ onílé kó ránṣẹ́ pè wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ kejì, Màámi àti Délé wà níbẹ̀.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ má jẹ káún mọ́. Ohun tó wà nínú iyọ̀ tí dókítà kà léèwọ̀, òun náà ló wà nínú káún."

"Ìwọ lo ní kí n jẹ ẹ́."

"Inú ìwé ni mo ti kà á. N kò wọ̀n ọ́n."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn kò pariwo lórí fóònù. Ohùn wọn wá jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. "Nítorí káún lo fi ń sunkún báyìí? Nu ojú ẹ. Dókítà pàápàá ò sọ fún mi, ìwọ lo sọ. N ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Délé, tá a bá délé, kó o dànù."

Ó sì já sí rere. Mẹ́wàá àbọ̀. Mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àbọ̀. Mo kọ wọ́n sára ògiri yàrá mi pẹ̀lú pẹ́ńsù. Màámi rán aṣọ ilé ìwé mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan, Délé sì ní wọ́n ti tún ń bá àwọn oníbàárà jà. Lọ́yà ní kò ní pẹ́ mọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Délé pe ibi iṣẹ́ mi, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Àǹtí mi," ó tún ní, "Àǹtí mi." Mo di etí tábìlì mú.

"Wọ́n jí dáadáa," ó wí. "Wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n bá wọn mú òwú funfun wá. Mo mú un dé, orí wọn ti wà lórí aṣọ."

Ojú ń tì mí títí di òní nítorí ohun tí mo bi í. "Ọrùn ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án àbọ̀, Àǹtí mi. Sátidé ni mo wọ̀n ọ́n. Mẹ́sàn-án àbọ̀ ni."

N kò lọ síbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá mi wọ inú ilẹ̀ ní Ìkìrun, mo fọ ogójì ìgò. Mo bi Mà Hẹ́lẹ̀n bóyá oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi jẹ káún yẹn ló pa wọ́n. Wọ́n ní ọkàn Màámi ti rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ káún rárá, pé káún lè dá kún un, ó sì lè má ṣe é ní nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n fún mi ní iye rẹ̀. Wọ́n ní èyí kò ní iye. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ìmọ̀ yìí, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó le tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgò òfìfo mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní sódíọ̀mù. Lọ́sẹ̀ kìíní, lọ́sẹ̀ kejì. Iṣẹ́ gbogbo yàrá ló ń bàjẹ́ nítorí mi, mo sì ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa lé mi. Ní Mọ́ńdè kan, Mà Hẹ́lẹ̀n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n dúró tì mí nídìí omi, a sì jọ fọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a parí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì kúnlẹ̀. Wọn kò gbé mi dìde. Wọ́n jẹ́ kí n kúnlẹ̀ bó ṣe wù mí.

Ìwé mi jáde ní ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e. Délé bi mí bóyá mò ń bọ̀. Mo ní mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì lọ. Ta ni yóò bi mí bóyá mo ti jẹun?

Ní oṣù tó kọjá, Mà Hẹ́lẹ̀n gbé ìgò kan fún mi. Ègé ọkàn obìnrin kan ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ọjọ́ orí Màámi. Ó ṣubú láti orí àkàbà nínú ọgbà rẹ̀. Kò ṣàìsàn rí. Wọ́n ní èmi ni kí n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí n sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde. N kò ní iye ti ìyá mi, n kò sì ní ní in láéláé. Mo gé ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò. Mo mú un gbẹ títí òṣùwọ̀n kò fi yẹ̀ mọ́. Mo yọ́ ọ nínú ásíìdì, mo fi í fún iná, mo sì kọ ohun tí mo rí: omi, gíráàmù méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Sódíọ̀mù, gíráàmù kan àti ìdá kan nínú mẹ́wàá, nínú kílò ẹran ọkàn kan. Pòtásíọ̀mù, gíráàmù méjì àti ìdá méje nínú mẹ́wàá. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún.